Maṣíìnì Tó Ń Rìn Lórí Tábìlì

Chicago,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, 1993

Sí Màmá mi àgbà, Doña Obdulia, ní San Telmo el Seco,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó àwọn adìyẹ. Mo mọ̀ pé Don Fulgencio ló ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí ní ilé ìtajà oògùn rẹ̀. Don Fulgencio, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbogbo rẹ̀, ẹ má ka ibi tó bá wù yín nìkan.

Ara mi le. Òtútù ti ń yọ́ wọlé síbí. Mo ṣì wà ní òtẹ́ẹ̀lì, mo ṣì ń ká aṣọ ibùsùn. Mo ti ká a débi pé lójú oorun pàápàá, mo ń wá etí aṣọ tí n ó dì mú.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyí. Èmi ni ìyá alágbàtọ́ ère Ọmọ Jésù orí pẹpẹ ilé yín, mo sì ṣèlérí pé ní Ọdún Àbẹ́là, ọjọ́ kejì oṣù Kejì tí a máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n ó wọ̀ ọ́ láṣọ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kìíní, mo rán aṣọ funfun ọmọ tuntun fún un kí n tó kúrò nílé. Ní ọdún kejì, mo fi ọwọ́ rán aṣọ olùṣọ́-àgùntàn ránṣẹ́ láti ibí, abẹ́rẹ́ gún mi débi pé ìka mi dà bí asẹ́. Ọdún kẹta ló kù. Ọmọ Jésù yóò jókòó lórí àga bí ọba, ẹ̀wù ìgúnwà àrán ni yóò sì wọ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán.

Mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Tuntun ni, kò wọ́n rárá, ó funfun báláú, ike ni ara rẹ̀, iná ló ń lò. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ọwọ́ kan gbé e. Bí mo bá rà á, n ó fi rán ẹ̀wù ọba, lẹ́yìn náà n ó máa fi tún aṣọ àwọn ará àdúgbò ṣe. Kí lẹ rí sí i, Màmá? Mi ò ní rà á láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i.

Èmi ọmọ ọmọ yín tó ń bẹ̀rù yín,
Griselda


San Telmo el Seco,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 1993

Griselda,

Mo gbọ́ kíkí rẹ. Adìyẹ wà dáadáa. Orúnkún mi kò wà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún kọ́ la fẹ́ sọ.

Má ra nǹkan yẹn.

Fulgencio ní kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ kí n tó bá ọ wí. Mo ní ó ti sọ pé ara òun le, kí ni mo tún ń béèrè? Kó kọ ohun tí mo sọ.

Ẹ̀rọ tí ọwọ́ kan ń gbé kì í ṣe ẹ̀rọ, ohun ìṣeré ni. Tòlótòló Hermelinda aládùúgbò wa wúwo jù ú lọ, a kò sì tíì rí i kí tòlótòló rán ṣòkòtò. Wo maṣíìnì mi. Irin dúdú ni, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́, ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Odò kún wọlé, ó gbé àpótí aṣọ lọ, ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ, ó gbé bàtà ìgbéyàwó bàbá rẹ àgbà lọ. Maṣíìnì kò mira. Òrùlé já lé e, òrùlé ló fọ́. Bàbá rẹ àgbà mutí yó, ó fi ẹsẹ̀ gbá a, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ mọ́ títí a fi sin ín. Ìyẹn là ń pè ní ẹ̀rọ.

Ó wà níbí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń fi epo sí i. Ìwọ ni mo ń fi epo sí i dè. Ìwọ sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yìí pé ọdún méjì péré lo fẹ́ lò lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń bọ̀ wálé kì í ra àga.

(Èmi Fulgencio ni mò ń kọ èyí: Griselda, mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ tuntun yẹn ń ṣiṣẹ́ gidi o. Má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀.)

Ó kọ nǹkan kan tí mi ò sọ. Ẹnu mi wà ní pípadé, bíírò sì ń rìn. Mo bi í pé kí lo ń kọ, ó ní àmì ìdánudúró ni. Àmì ìdánudúró wo ló gùn tó yẹn?

Hermelinda ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. (Èmi kọ́.) Ó wá dúró lẹ́nu ọgbà, ó ní, "Doña Obdulia, ṣé ọmọ yín á lè parí ọdún kẹta yìí? Bí kò bá lè ṣe é, ẹ gbé Ọmọ Jésù fún mi, n ó wọ̀ ọ́ láṣọ." Mo ní kó lọ wọ tòlótòló rẹ̀ láṣọ. Ṣùgbọ́n bí o kò bá parí ìlérí rẹ, òun ni yóò gbé Ọmọ Jésù mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni yóò sì ti máa bojú wẹ̀yìn wò mí títí n ó fi kú. Lẹ́yìn tí mo bá kú tán, yóò wá sí sàréè wá wò mí.

Fi ọwọ́ rán an. Ìka máa ń hu awọ míràn.

Èmi Obdulia, ìyá bàbá rẹ


Chicago,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá, 1993

Màmá mi àgbà,

Ẹ kú ọ̀rọ̀ orúnkún. Ẹ fi aṣọ gbígbóná wé e.

Ẹ má bínú, mo ti rà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí Don Fulgencio tó gbé lẹ́tà sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹni tó bá ra nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lè dá a padà. Títí di òpin oṣù Kejì ni wọ́n fún mi. Wọn yóò gbà á, wọn kò sì ní bínú. Nítorí náà, mi ò tíì rà á tán. Mo kàn ń wò ó nínú ilé ni.

Mo fi rán àpò ìrọ̀rí, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó ń rìn. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò máa sún lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àpò ìrọ̀rí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo parí rẹ̀ sí. Mo gbé àpò ẹ̀wà lé e lórí, ó gbé ẹ̀wà náà rìn.

Mo ti ra àrán pupa. Ó ku ìwọ̀n. Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé káfíńtà ti kan àga ọba tuntun fún Ọmọ Jésù, mi ò sì tíì fojú kan àga náà, mi ò mọ bó ṣe ga tó. Ẹ jẹ́ kí Don Fulgencio fi téèpù wọn gbogbo rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Griselda


San Telmo el Seco,
Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, 1993

Griselda,

O ti rà á, o wá ní o kò tíì rà á tán. Bí ẹni tó ti jẹ àwo ẹran tán tó ní òun kàn ń tọ́ ọ wò.

Ṣọ́ọ̀bù wo ló ń gba ohun tí èèyàn ti lò padà? Mo bi Fadá Anselmo, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Mo ní ká ní mo mọ̀ ni, n bá ti dá bàbá rẹ àgbà padà kí òpin oṣù Kejì ọdún yẹn tó pé. Fadá ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìta la wà.

O ní ẹ̀rọ ń rìn. Ó dáa. Níbo ló ń lọ? Àwọn arìnrìn-àjò inú ẹbí yìí ti pọ̀ tó.

Mi ò gba ti nọ́ńbà. Fulgencio mú téèpù rẹ̀ wá, ewúrẹ́ ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ téèpù náà. Ó ní kò séwu, òun yóò máa yọ ohun tí ewúrẹ́ jẹ kúrò. Mo bi í pé báwo ni èyí tí ewúrẹ́ jẹ ṣe gùn tó, ó ní òun kò sí níbẹ̀. Mo ní kó ká téèpù rẹ̀. Okùn ni ìyá mi fi ń wọn nǹkan, okùn ni mo fi wọn Ọmọ Jésù àti àga rẹ̀. Láti orí okùn dé kókó kìíní, ọrùn nìyẹn. Láti kókó kìíní dé èkejì, apá nìyẹn. Láti èkejì dé ẹ̀kẹta, èjìká dé ẹsẹ̀ àga nìyẹn. Kò sí ewúrẹ́ tó jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Okùn náà wà nínú ẹrù tí mo fi rán Don Nazario, ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó wàràkàṣì lọ bá àwọn ará wa ní Chicago. Wàràkàṣì wà níbẹ̀, ata gbígbẹ wà níbẹ̀, èlò ọbẹ̀ mole wà níbẹ̀. Wàá mọ okùn náà nípa kókó mẹ́ta ara rẹ̀.

(Èmi Fulgencio ni mo di ẹrù náà. Àwọn àjákù okùn tí mo ti ń tọ́jú ni mo so mọ́ra wọn, mo wé e yíká dáadáa. Ìjì kò lè tú u.)

Bíírò tún ń rìn.

Jẹ wàràkàṣì náà kó tó bàjẹ́. Má fún ẹ̀rọ yẹn jẹ.

Obdulia


Chicago,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá, 1993

Màmá mi àgbà,

Ẹ kú ìmúra Ọdún Kérésìmesì. Ẹrù dé. Wàràkàṣì kò débi ilé mi; inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti jẹ ẹ́ tán, àwọn èèyàn ń wò mí.

Mo rí okùn náà lára ẹrù, mo ka kókó rẹ̀, mẹ́ta ni. Màmá, okùn náà gùn. Mo nà án láti ẹnu ọ̀nà ìdáná, ó dé ilé ìwẹ̀. Mo sì ti gbé Ọmọ Jésù yẹn lọ́wọ́, mo mọ̀ ọ́n, kò ju adìyẹ lọ. Ṣé kò sí àṣìṣe? Àbí àga tuntun náà ló ga bẹ́ẹ̀? Àbí ẹ fẹ́ kí ẹ̀wù náà máa wọ́ nílẹ̀ bíi ti ọba tòótọ́, kí Hermelinda lè rí i? Àrán tí mo rà kò ní tó. Ẹ dá mi lóhùn kíá, kí n tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́.

Ní ti ẹ̀rọ, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó rìn dé etí tábìlì, ó sì já bọ́. Kò fọ́. Ìyá ará Poland tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ mi, Pani Halina, sáré gòkè wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ta ló kú. Nígbà tó rí ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ní kí n máa rán lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fẹ́ ránṣọ, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò gòkè wá dì í mú. Ó ní ó dára fún oríkèé ọwọ́ òun, pé ó ń gbọ̀n ọ́n.

Ọmọ yín,
Griselda


San Telmo el Seco,
Ọjọ́ keje oṣù Kìíní, 1994

Griselda,

Okùn gùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ kún un nítorí àga tuntun. O ní ó dé ilé ìwẹ̀. Ṣé èmi ni mo kọ́ ilé yín? Ìwọ lo sọ fún mi pé yàrá rẹ kò ju páálí ìsáná lọ. Nínú páálí ìsáná, kí ni kì í dé ilé ìwẹ̀?

Má gé ìka kan kúrò lára okùn yẹn. Ọwọ́ mi yìí ló wọ̀n ọ́n. Mo ti ń wọn aṣọ kí bàbá rẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò, ìwọ wá ń bi mí pé ṣé kò sí àṣìṣe. Rán an bí okùn ṣe wí.

Kí o sì gbọ́ èyí. Àrán kì í ṣe aṣọ ibùsùn. Ó ní irun. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa á kí o mọ apá ibi tí irun náà ń sùn sí, kí o sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sùn sí ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá sùn sókè tí èkejì sùn sísàlẹ̀, ọba yóò dà bí ológbò tí òjò pa. Ibi tí aṣọ bá ti nípọn, má tẹ iná. Fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ ata. Mi ò sọ pé mo fara mọ́ ẹ̀rọ yẹn o. Àrán ni mò ń ṣàánú.

Lánàá tó jẹ́ Ọdún Àwọn Ọba Mẹ́ta, a gé àkàrà òyìnbó ọdún náà. Ọ̀dọ̀ Fulgencio ni ère ọmọ kékeré inú àkàrà bọ́ sí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó bá kàn án ni yóò se tamales, àgbàdo lílọ̀ tí a fi ewé wé, fún wa jẹ ní Ọdún Àbẹ́là. Ó gbé e mì. A rí i tí ó ń gbé e mì, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sínú ife.

(Irọ́ ni. Ó kàn há mi lọ́fun.)

Adìyẹ pupa ti ń yé ẹyin sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì mi. Mo lé e, ó padà. Mo tún lé e, ó tún padà. Ó mọ ohun tó dúró sójú kan yàtọ̀ sí ohun tó ń rìn.

Nígbà tí o bá rán ẹ̀wù náà tán, dá nǹkan yẹn padà fún wọn. Hermelinda bi mí lánàá níwájú gbogbo èèyàn pé ìgbà wo lo ń bọ̀, ó ní ọdún méjì tí o dá ti kọjá. Mo gba àwo àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́ tán. 

Obdulia


Chicago,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kìíní, 1994

Màmá mi àgbà,

Mo ti ṣe é bí okùn ṣe wí. Ẹ̀wù ọba ti wà nínú àpótí páálí, Don Nazario ti gbé e. Mo ra gbogbo àrán pupa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Pani Halina di ẹ̀rọ mú ní apá kan, ọkọ rẹ̀ dì í mú ní apá kejì, ọkùnrin náà ń bi wá pé ṣé aṣọ orí ìtàgé ni. Mo fi ọwọ́ yí àgbá níbi tó nípọn, bí ẹ ṣe wí. Irun gbogbo rẹ̀ sùn sí ìsàlẹ̀.

Òwú pupa tí ẹ fi so ẹnu àpò ata ni mo fi ń so irun mi bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ta sánsán bí ìdáná yín. Àmọ́ ẹ so kókó sí i lára jù, Màmá, mẹ́ta, ó ń fa irun mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ. Láti oṣù Kẹwàá lẹ ti ń bú ẹ̀rọ mi pé ó fúyẹ́. Ẹ̀rọ tó wúwo wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, iye kan náà ni wọ́n ń tà á, ojú rẹ̀ sì dán ju ti funfun yìí lọ. Mo gbìyànjú láti gbé e, kò kúrò nílẹ̀. Mo wá bi ara mi pé báwo ni n ó ṣe gbé èyí wọ bọ́ọ̀sì dé San Telmo? Funfun yìí wọ inú báàgì mi, mo sì lè fi báàgì náà kọ́ apá. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Ẹ ní ẹni tó ń bọ̀ wálé kì í ra àga. Kì í ṣe àga ni mo rà.

Mo ti sọ fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì pé lẹ́yìn Àjíǹde, wọn kò ní rí mi mọ́. Bí mo bá ní ẹ̀rọ tèmi, n ó lè jókòó nílé kí n máa ránṣọ fún àwọn èèyàn, n kò ní nílò láti padà wá ká aṣọ ibùsùn ẹni ẹlẹ́ni. Maṣíìnì yín, tiyín ni. Mo rántí ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí ẹ fi rúlà gbá mi lẹ́sẹ̀.

Ó wá kù sọ́wọ́ yín. Ṣọ́ọ̀bù kò ní gbà á mọ́ lẹ́yìn oṣù Kejì. Ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí n gbé e bọ̀? Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lára ẹ̀wù náà kí ẹ tó dáhùn. Bí ẹ bá ní kò dára, n ó dá a padà lọ́jọ́ náà, n ó sì dúró níbí títí n ó fi rí èyí tó dára rà.

Ọmọ yín,
Griselda


San Telmo el Seco,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, 1994

Griselda,

Ẹrù dé nígbà tí Ọdún Àbẹ́là ku ọ̀la. Don Nazario nìkan kò lè gbé e wọlé, Fulgencio ràn án lọ́wọ́. Mo rò pé o kó Pani Halina sínú rẹ̀.

A tú u. A ń fà á, ó ń jáde. Fulgencio fi ẹ̀yìn rìn dé ojú títì, etí ẹ̀wù kan ṣì wà nínú páálí.

Mo ní, "Kí ni èyí?"

Ó ní, "Àrán ni, Doña Obdulia."

"Mo rí i pé àrán ni. Kí ni wọ́n fi rán?"

A gbé Ọmọ Jésù sínú rẹ̀. A kò rí i mọ́. A wá a títí, inú apá ọ̀tún la ti bá a.

Mo ní kí Fulgencio ka lẹ́tà rẹ. Nígbà tó dé ibi òwú pupa tí o fi ń so irun, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ ti kéré.

Mo ní, "Fulgencio, òwú pupa ni mo fi wọn Ọmọ Jésù. Èwo lo fi di ẹrù?"

Ó ní okùn tí òun ń tọ́jú ni.

"Kókó mélòó lo so sí i?"

Ó wo òrùlé.

Mo ní, "Má wo òrùlé. Òrùlé kọ́ ló di ẹrù."

(Kókó mẹ́ta ni. Okùn mẹ́rin ni mo so pọ̀. Griselda, ẹ̀rù ń bà mí kí wàràkàṣì má bọ́ sọ́nà ni.)

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ní ká gé e kúrú. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Mo mú ojú ìrán ẹ̀wù náà, mo fà á. Kò já. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo tún fà á, orúnkún ló dùn mí. Mo fi eyín tó kù lẹ́nu mi já a, eyín náà ti ń mì báyìí. Mo yí inú rẹ̀ síta, mi ò rí òwú kan tó yọ ìrù. Mo fi ọwọ́ pa á láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, irun rẹ̀ sùn bí irun ẹṣin. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fulgencio ní ṣé kí òun lọ mú oògùn wá.

Ní ọjọ́ ọdún, a gbé Ọmọ Jésù sórí àga, a fi abẹ́rẹ́ olórí mú ọrùn ẹ̀wù náà mọ́ ọn kó má bàa rì. Ìyókù ẹ̀wù gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin ní láti gbé e. Wọn kò tó. Hermelinda dúró lẹ́nu ọgbà rẹ̀ tó ń wò. Mi ò sọ pé kó wá gbé e. Mo kàn wò ó títí tó fi gbé e.

Ó ní, "Doña Obdulia, aṣọ yìí tóbi jù."

Mo ní, "Ọba ni. Ta ló ń wọn ọba?"

"Láyé mi, mi ò rí irú èyí rí."

"Ìyẹn náà ni mo rò. Gbé apá tìrẹ sókè, ó ń wọ́."

Nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àga wà níwájú pẹpẹ, ìṣẹ́tí ẹ̀wù ṣì ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fadá Anselmo wò ó, ó ní, "Doña Obdulia, ṣé Ọmọ Jésù ni, àbí àgọ́?" Mo ní, "Méjèèjì ni, Fadá. Òtútù ń mú, ẹni tó bá fẹ́ wọlé kó wọlé." Ajá Don Nazario ti wọlé ṣáájú. Nígbà tí Fadá fẹ́ wàásù, ó tẹ aṣọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀ gbì. Kò tètè dìde. Ó ní ibẹ̀ móoru. Láti ibẹ̀ ló ti wàásù, ó sì ṣe é kúrú, gbogbo ìjọ ń bù kún ọ.

Fulgencio se tamales. Iyọ̀ pọ̀ jù. A jẹ gbogbo rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

(Iyọ̀ kò pọ̀.)

Hermelinda wá sílé mi ní òwúrọ̀ yìí. Ó gbé ẹran tòlótòló dání. Ó ní ọdún tó ń bọ̀ ni Ọmọ Jésù ilé òun yóò jọba, pé ṣé wàá rán tirẹ̀, àmọ́ kí tirẹ̀ gùn ju tiwa lọ. Mo ní kò ṣeé ṣe, ẹni tó ni okùn náà kò ní òmíràn. Mo ní kó wá lẹ́yìn Àjíǹde kó wá bá ọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo gba ẹran náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. O yẹ kí o ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé torí báàgì lo ṣe ra èyí tó fúyẹ́. O jẹ́ kí n máa bú ike láti oṣù Kẹwàá. Mi ò kó èébú náà kúrò nílẹ̀ o, ike ṣì ni. Ṣùgbọ́n mo fà á, kò já.

Má dá a padà. Don Nazario ń lọ lọ́la, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí bá ọ kí ṣọ́ọ̀bù yẹn tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ.

Má kó ẹrù míràn kún báàgì náà. Òwú pupa, mú un bọ̀, tèmi ni. Bá mi kí Pani Halina. Sọ fún un pé o ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa bá ọ dì í mú.

(Ó ní kí n má kọ èyí: ní Ọjọ́rú pẹ̀lú ló ti ń fi epo sí maṣíìnì rẹ̀ báyìí, kì í ṣe Sátidé nìkan.)

Bíírò ń rìn, Griselda. Mo ń wò ó.

Adìyẹ pupa ti sàba lé ẹyin rẹ̀ nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì. Kí o tó dé, yóò ti pa ọmọ, yóò sì ti kó wọn lọ. A ó nu orí maṣíìnì mi, a ó gbé tìrẹ lé e. Tèmi wúwo. Yóò dì í mú, kò ní rìn mọ́.

Obdulia